Ìka Ló Ń Tàsé, Kì Í Ṣe Ojú

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọdẹ àti àwọn ọ̀dọ́ kan sọ ní Abẹ́òkúta rèé, lórí bí a ṣe ń yìnbọn kó lè bà. Mo tún un tò fún ẹni tí kò ráyè wá.

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin bàbá wa. Ìlú tó dojú ìjà kọ ogun Dàhòmì ní ẹnubodè Arò lóṣù kẹta ọdún 1851, ta ni yóò wá máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìbọn? Ṣùgbọ́n ṣakabùlà tí à ń ki láti ẹnu, inú ọ̀pá rẹ̀ dán bọ̀rọ́ ni. Ọta á kàn máa gbá ara mọ́ ọn jáde. Ẹni tó bá fẹ́ kó bà, àfi kó sún mọ́ ẹran. Ìdí nìyẹn tí ọgbọ́n ọdẹ wa fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú títọpa, yíyọ́ rìn, àti mímọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí.

Ti ráìfù yàtọ̀. Wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà tó lọ́ yíká sínú ọ̀pá rẹ̀, kí ọta lè máa yí bírí bó ṣe ń jáde. Yíyí yẹn ni kì í jẹ́ kó ṣe ségesège lójú ọ̀nà. Nígbà tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ Èkìtìparapọ̀ nínú ogun Kírìjì, Ìbàdàn mọ̀ ọ́n lára.

Wàhálà tó wá kù ni pé ìbọn ti mọṣẹ́ ju ẹni tó gbé e lọ. Irin ìwò méjì la fi ń wo ọ̀gangan àmì. Ká ní èyí tó wà lẹ́nu ìbọn fi sẹ̀ntímítà 60 jìnnà sí èyí tó wà nítòsí ojú. Bí ti ẹnu ìbọn bá fi mìlímítà 1 péré yẹ̀, ní 100 mítà, ọta á fi bíi sẹ̀ntímítà 17 yẹ̀. Nínú ìdíje ráìfù afẹ́fẹ́ ti Òlíńpíìkì, mítà 10 ni wọ́n ti ń yìn ín, ọta rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4.5, àmì àárín gbùngbùn sì jẹ́ ìdajì mìlímítà. Ojú ènìyàn kò lè rí ohun tó wà nítòsí àti ohun tó jìnnà kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, irin ẹnu ìbọn ni kí ojú mú dáadáa. Ẹ jẹ́ kí àmì ṣe bàìbàì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbà, àmì ni wọ́n ń ranjú mọ́.

Síbẹ̀, ojú kọ́ ló sábà máa ń bà á jẹ́. Ara tó ti ń retí ariwo ni. Kí ìbọn tó dún, èjìká á ti sún, ìka á já tíríga, irin tí à ń fà kí ìbọn dún, gbà. Ẹni tó ń yìn ín kò ní mọ̀, nítorí ìró ìbọn á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí olùkọ́ ṣe ń tú u fó ni pé òun ni yóò máa ki ìbọn náà: nígbà míì ọta gidi, nígbà míì ọta òfo tí kò lè dún, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní mọ èwo ló kàn. Bó bá kan òfo, tíríga á dún kẹ́, ẹnu ìbọn á sì tẹrí ba wọ̀ọ̀ níṣojú gbogbo èrò. Kò sí àlàyé tó kọjá ìyẹn.

Òògùn rẹ̀ kò náni lówó. Ẹ tú ìbọn wò kó ṣófo, ẹ tún un wò, ẹ kó ọta lọ sí yàrá míì, ẹ kọjú rẹ̀ síbi tí kò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ gbé owó kọ́bọ̀ lé orí ọ̀pá rẹ̀, bí ẹ bá ṣì rí kọ́bọ̀ nílé. Ẹ mí jáde, ẹ dúró níbi tí èémí ti sinmi fúnra rẹ̀, kí ẹ máa fa tíríga díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dún. Owó kò gbọdọ̀ já bọ́. Bí ìṣẹ́jú àáyá bá ti pọ̀ tí ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹ sọ ìbọn kalẹ̀, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Ta ló ń lé yín?

Lẹ́yìn ìyẹn la tó ń lo ọta. Ẹ yin márùn-ún sójú kan náà láìtún irin ìwò ṣe. Bí ihò wọn bá kóra jọ síbi tí kò yẹ, irin ìwò ló fẹ́ àtúnṣe. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri, ìwọ ni. Olùkọ́ tó bá ń wo bébà dípò kó máa wo ìka àti èjìká rẹ, wá òmíràn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ rò pé ìbọn afẹ́fẹ́ kò gba ìwé àṣẹ, òfin ìbọn Nàìjíríà dárúkọ rẹ̀. Ẹ gbàwé kí ẹ tó rà á.

Bàbá ọdẹ kan bi mí pé ṣé ṣakabùlà kò ti ba ọwọ́ òun jẹ́. Mo ní, “Bàbá, apá kan dára. Láàárín kí ẹ fà á àti kí ẹtù gbiná, ó máa ń pẹ́ díẹ̀, ẹ sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró gbọn-in títí yóò fi bú. Àwọn ọmọ yìí á ti gbórí sókè láti wò ó bóyá ó bà. Ojú tí ẹ ń dì nítorí iná ẹtù ni iṣẹ́ wà.”

Bàbá ní ta ló sọ fún mi pé òun máa ń dijú. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká fi ọta òfo wò ó.