Fọ́ọ̀mù Ni Wọ́n Fi Ń Lé Wọn: Medicaid àti Òfin Wákàtí 80

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú Amẹ́ríkà ni wọ́n ní kí n bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí ìrọ̀lẹ́ kan lè gbà lọ, nítorí náà ojú kan ni mo máa dúró sí: Medicaid, ètò tí ìjọba fi ń sanwó ìtọ́jú fún àwọn tí agbára wọn kò ká owó ilé ìwòsàn.

Lọ́dún 2018, ìpínlẹ̀ Arkansas pàṣẹ pé kí àwọn kan lára àwọn tó wà lórí Medicaid, láti ẹni ọdún 30 dé 49, máa ṣiṣẹ́ wákàtí 80 lóṣù, kí wọ́n sì máa ròyìn rẹ̀ fún ìjọba lóṣooṣù. Ẹni tó bá pa oṣù mẹ́ta jẹ láàárín ọdún kan, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó lè padà sórí ètò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Báwo ló ṣe máa ròyìn? Orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ó gbọ́dọ̀ ní ímeèlì, ó gbọ́dọ̀ wá nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé, kó tó lè ṣí àkáǹtì. Ìkànnì ọ̀hún sì ń tì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó di aago méje àárọ̀ kó tó ṣí. Íntánẹ́ẹ̀tì ni mo wí o, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù! Ẹ wo obìnrin tó ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Ó ṣiṣẹ́ tán, ó délé, ó fẹ́ ròyìn pé òun ṣiṣẹ́, ìjọba ti ti ilẹ̀kùn.

Kí ọdún náà tó parí, ènìyàn tó lé ní 18,000 ti kúrò lórí ètò. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Harvard yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n rí i pé iye ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò gòkè rárá. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí òfin náà bá wí, ó lé ní 95 tó ti ń ṣe ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe, tàbí tó yẹ kí wọ́n yọ̀ǹda nítorí àìlera àti irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò tiẹ̀ gbọ́ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà. Oṣù kẹta ọdún 2019 ni Adájọ́ James Boasberg dá a dúró.

Àwọn Republican, ẹgbẹ́ òṣèlú Trump, máa ń sọ pé ẹni tára rẹ̀ le kò gbọdọ̀ ká ọwọ́ gbera kó máa jẹ owó orí ẹlòmíì. Mi ò bá wọn jiyàn lórí iṣẹ́. Ìran tiwa náà kò fẹ́ràn ọ̀lẹ. Ohun tí mo ń bi wọ́n ni pé, bí ẹ bá gba oògùn ìtọ̀ ṣúgà lọ́wọ́ ẹni tó ń ru ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí, oṣù mélòó ló máa fi ru ẹrù náà sí i? Ìpínlẹ̀ Georgia náà gbé irú ètò yìí kalẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2023. Owó tí wọ́n ná sórí ìṣàkóso rẹ̀ ju èyí tí wọ́n fi tọ́jú aláìsàn lọ. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń bá Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, yẹ ìwé owó wò ni.

Síbẹ̀, lọ́dún 2025, wọ́n kó òfin wákàtí 80 yìí sínú òfin ńlá kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè, tó kan Medicaid àti owó orí. Ní Ilé Aṣòfin Àgbà, ìbò di 50 sí 50, Igbákejì Ààrẹ JD Vance ló fi ìbò tirẹ̀ là á. Ní ilé kejì, 218 sí 214. Ààrẹ Trump buwọ́ lù ú lọ́jọ́ kẹrin oṣù keje. Iléeṣẹ́ tó ń ṣírò owó fún Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ní tó bá fi máa di ọdún 2034, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn ni òfin ńlá yìí lápapọ̀ máa sọ di aláìní ìbánigbófò ìlera.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti Missouri díẹ̀. Ìlú Independence, ní Missouri yìí kan náà, ni Ààrẹ Lyndon Johnson ti buwọ́ lu òfin tó bí Medicaid lọ́dún 1965, Harry Truman, ààrẹ àtijọ́, jókòó tì í. Ní 2020, àwọn ará ìpínlẹ̀ náà dìbò fúnra wọn pé kí wọ́n fẹ Medicaid lójú, kó lè gba àwọn àgbàlagbà tówó wọn kéré sí i, bẹ́ẹ̀ Trump ni wọ́n tún dìbò fún lọ́dún yẹn. Aṣòfin wọn, Josh Hawley, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 pé kí ẹnikẹ́ni má gé Medicaid. Oṣù keje dé, ó dìbò fún òfin tó gé e. Thom Tillis láti North Carolina, Republican bíi tirẹ̀, kọ̀ jálẹ̀, ó sì kéde pé òun kò ní díje mọ́. Mi ò sí nínú ẹgbẹ́ Tillis, ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó sọ̀rọ̀ tó sì dúró tì í.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ọ̀rọ̀ tiyín tún yàtọ̀. Láti ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pinnu fúnra rẹ̀, lọ́dún 2012, Texas kò fẹ Medicaid lójú rárá. Ó wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́wàá tó kọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì ìgbélùú, òfin 1996 ní kó dúró ọdún márùn-ún ná kó tó lè béèrè, yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀. Àwọn èèyàn wa tó ń tọ́jú arúgbó nílé onílé níbẹ̀ lè máà ní ẹni tó máa sanwó ìtọ́jú tiwọn.

Arákùnrin kan ti béèrè lọ́wọ́ mi rí pé kí wá ni ká máa wò. Mo ní kó máa wo àwọn gómìnà. Òfin ọdún 2025 ní kí ìpínlẹ̀ lo àkọsílẹ̀ owó oṣù tó ti wà lọ́wọ́ ìjọba níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Gómìnà tó bá ṣe é dáadáa, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò ní fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan. Èyí tí kò bá fẹ́, á ṣí ìkànnì, á sì máa tì í lálẹ́.

Kó sì tún wo kàlẹ́ńdà. Ẹ̀dínwó owó orí tó wà nínú òfin kan náà fún àwọn tó ń gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ oníbàárà ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2025. Ìdìbò Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì wà ní oṣù kọkànlá ọdún 2026. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún wákàtí 80 ni ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2027.