Ọdún Mọ́kànlá Tí A Máa Ń Fò Nínú Ìtàn Ìwé Òfin Amẹ́ríkà

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ bá mi dáhùn ìbéèrè kan nínú ọkàn yín: ọdún wo ni àwọn ará Amẹ́ríkà kọ ìwé òfin tí wọ́n fi ń ṣe ìjọba títí di òní olónìí? Bí ẹ bá dáhùn pé ọdún 1776 ni, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Keje ọdún 1776 kò dá ìjọba kankan sílẹ̀. Ó ka ẹ̀sùn sí George Kẹta, ọba Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́sẹ̀, ó sì sọ fún un pé àwọn kò sìn ín mọ́. Ọdún 1787 ni wọ́n kọ ìwé òfin. Mo tún un sọ: ỌDÚN 1787! Ọdún mọ́kànlá ló wà láàárín ìwé méjèèjì, inú ọdún mọ́kànlá tí a máa ń fò yìí sì ni ọ̀rọ̀ wà.

N kò ní dúró lórí ogun òmìnira, nítorí ẹ ti gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé àwọn tó lé ọba lọ kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nínú ìjọba. Láti ọdún 1619 ni àwọn ará Virginia ti ń yan aṣojú tí ń ṣòfin fún wọn, nígbà tó sì di ọdún 1620, ọkùnrin 41 fọwọ́ sí àdéhùn nínú Mayflower, ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn àtìpó láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Amẹ́ríkà, pé àwọn yóò máa pa òfin tí àwọn bá jọ ṣe mọ́. Nígbà tí wọ́n kọ ọba sílẹ̀, ìpínlẹ̀ 11 kọ ìwé òfin tiwọn. Connecticut àti Rhode Island nìkan ló ń bá ìwé àṣẹ àtijọ́ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fún wọn lọ. Ti Massachusetts ni mo fẹ́ràn jù. John Adams ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi sílẹ̀ fún àwọn aṣòfin láti dá fọwọ́ sí. Ní ọdún 1780, wọ́n gbé e lọ sí ìlú kéékèèké, àwọn ará ìlú jókòó, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì dìbò lé e lórí. Ẹ fi ìyẹn sápò, a óò tún lò ó.

Àdéhùn tó so àwọn ìpínlẹ̀ 13 pọ̀ wá ńkọ́? Ọdún 1781 ló fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan, kò sì sí aláṣẹ tí yóò mú òfin ṣẹ. Ìgbìmọ̀ yìí lè kéde ogun, ó lè yá owó, ṣùgbọ́n kò lè gba kọ́bọ̀ owó orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ó bẹ àwọn ìpínlẹ̀ kí wọ́n dáwó ni. Èyí tó wá burú jù ni pé bí wọ́n bá fẹ́ yí ohun kan padà nínú àdéhùn náà, gbogbo ìpínlẹ̀ 13 gbọ́dọ̀ gbà. Gbogbo wọn pátá!

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Nígbà kan, àwa onílé àdúgbò wa fẹ́ ra tiransifọ́mà, a sì ti ṣòfin pé a kò ní náwó àjọ àfi bí gbogbo onílé bá fọwọ́ sí i. Bàbá kan tó ní jẹnẹrétọ̀ ńlá lẹ́yìnkùlé ní òun kò rí ìdí rẹ̀. A bẹ bàbá, a gbé ọtí lọ, bàbá kò gbà, oṣù mẹ́jọ gbáko la sì fi wà nínú òkùnkùn. Rhode Island ni bàbá yẹn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọjà tó ń ti òkè òkun wọlé, Rhode Island kọ̀ jálẹ̀, ètò náà sì fọ́.

Gbèsè ogun wà nílẹ̀, Massachusetts sì gbé owó orí tó wúwo lé àwọn àgbẹ̀ lórí, nínú wọn àwọn tó ti jagun tí wọn kò tíì gba owó iṣẹ́ wọn tán. Ní ọdún 1786, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dí ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́ kí adájọ́ má baà gbọ́ ẹjọ́ gbèsè. Daniel Shays, tó ti jẹ́ ọ̀gágun nínú ogun òmìnira, wà lára àwọn aṣáájú wọn, wọ́n sì kọjú sí ilé ìkó-ohun-ìjà-sí ní Springfield ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1787. Ìgbìmọ̀ kò ní owó tí yóò fi kó ọmọ ogun jọ. Àwọn oníṣòwò Boston ló dáwó ọ̀hún. Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn ńlá.

Wọ́n pàdé ní Philadelphia ní oṣù Karùn-ún ọdún 1787, aṣojú 55 láti ìpínlẹ̀ 12. Rhode Island kò wá, kí ló tún kù! George Washington ló jókòó sórí àga alága. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ṣe é ní èèwọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ jáde, James Madison sì jókòó síwájú, ó ń kọ ohun tí olúkúlùkù ń sọ sílẹ̀. Iṣẹ́ tí a rán wọn ni pé kí wọ́n tún àdéhùn àtijọ́ ṣe. Wọ́n dà á nù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Àwọn ìpínlẹ̀ ńlá fẹ́ kí iye aṣojú máa bá iye ènìyàn lọ. Àwọn kékeré ní kí gbogbo wọn dọ́gba. Ní ọjọ́ 16, oṣù Keje, wọ́n fẹnu kò sí ilé aṣòfin méjì, ọ̀kan ní ti iye ènìyàn, èkejì ní ti ìdọ́gba. Ìdí nìyí tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà, tó gba irú ìjọba yìí ní ọdún 1979, fi ní aṣòfin àgbà mẹ́ta lónìí, ì báà kéré, ì báà tóbi.

Ṣùgbọ́n ta ni ènìyàn tí a ń kà? Àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù fẹ́ kí a ka ẹrú wọn ní odidi, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kí ẹrú dìbò, kí aṣojú tiwọn lè pọ̀ sí i ni. Wọ́n wá fẹnu kò pé ẹrú márùn-ún yóò dúró fún ènìyàn mẹ́ta, àti pé ìjọba kò gbọdọ̀ fòfin de kíkó ẹrú wọlé ṣáájú ọdún 1808. Bí ẹ bá wá ọ̀rọ̀ náà, ẹrú, nínú ìwé ti ọdún 1787, ẹ kò ní rí i. “Gbogbo ènìyàn yòókù” ni wọ́n fi pè wọ́n. N kò lè kà á kí inú mi má ru, nítorí etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú “gbogbo ènìyàn yòókù” wọ̀nyí.

Aṣojú 39 fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹsàn-án. George Mason kọ̀, nítorí kò sí ìlà tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ ará ìlú níbẹ̀; ọdún 1791 ni wọ́n tó fi àtúnṣe mẹ́wàá dí àlàfo náà.

Ẹ tẹ́tí dáadáa síbí, nítorí ibí ni ọgbọ́n wọn wà. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà pé bí ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án bá ti gbà, ó ti di òfin láàárín àwọn mẹ́sàn-án náà. MẸ́SÀN-ÁN, KÌ Í ṢE MẸ́TÀLÁ! Wọn kò sì gbé e fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀, tí agbára wọn yóò dínkù. Àpérò ọ̀tọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn ni wọ́n gbé e fún. Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sápò. Delaware ló kọ́kọ́ gbà, New Hampshire sì ṣe ìkẹsàn-án ní oṣù Kẹfà ọdún 1788.

Rhode Island ṣì dá dúró. Washington ti di ààrẹ, ó ti lo ọdún kan lórí oyè, ilé aṣòfin àgbà sì ti fọwọ́ sí àbá pé kí a dá òwò dúró pẹ̀lú wọn, kí àpérò wọn tó dìbò ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún ọdún 1790: ẹni 34 gbà, ẹni 32 kọ̀.