Sìkọ́láṣíìpù Tí Kò Ṣílẹ̀kùn Substation, Owó Oúnjẹ Lásán Ni

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀lẹ́tíríkà sọ nìyí, àwọn kan ní kí n kọ ọ́ síta fún àwọn tí kò ráàyè wá. Mi ò yọ nǹkan púpọ̀ kúrò nínú ẹ̀.)

Ẹ káàsán o. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ ti iléeṣẹ́ iná wá, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru náà.

Nǹkan kan ṣoṣo ló gbé mi dé ibí. Iléeṣẹ́ iná tó bá fẹ́ ṣe sìkọ́láṣíìpù fún ọmọ yunifásítì tó ń kọ́ power, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń pèsè iná tí wọ́n sì ń pín in, kó má kàn fún un lówó, kó ṣílẹ̀kùn substation fún un, ibi tí wọ́n ti ń yí agbára iná padà kó tó lọ sí àdúgbò. Owó dáa o, mi ò bú owó, ebi ò ní jẹ́ kéèyàn yanjú load flow, ìṣirò bí iná ṣe ń rìn lórí laini. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń fún ọmọ lówó fún ọdún mẹ́rin tí kò fojú kan breaker rí, ẹ̀rọ tó ń já iná, owó oúnjẹ lẹ fún un, ẹ ò tíì kọ́ ẹnjiníà kankan.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ isolator, swíìṣì tó ń ya ẹ̀rọ tàbí laini sọ́tọ̀ kúrò lára iná. Gbogbo ẹ̀yin 400 level lẹ lè ya single line diagram, àwòrán bí iná ṣe ń gba inú ẹ̀rọ kọjá, ẹ mọ̀ pé isolator máa ń wà lápá méjèèjì breaker. Tí wọ́n bá bi yín nínú ìdánwò pé èwo lẹ máa kọ́kọ́ ṣí, ẹ máa kọ ọ́ pé breaker ni, torí òun ló ní ohun tó ń pa arc, iná tó máa ń fò láàárín irin méjì tí wọ́n bá yà á, isolator ò ní in, ẹni tó bá fa isolator nígbà tí load, ìyẹn iná tí àwọn èèyàn ń lò, ṣì wà lórí laini, arc máa bẹ́, ó sì lè gbẹ̀mí ẹ̀. Ẹ gba máàkì, ó parí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti dúró nínú switchyard 132 kV, ọgbà tí breaker àti isolator wà, tó ń gbọ́ bí waya ṣe ń hùn lókè orí ẹ̀, tó rí operator tó ń ka nọ́ńbà isolator sókè ketekete kó tó fọwọ́ kàn án, tó rí bí wọ́n ṣe so earth, waya tó wọlẹ̀, mọ́ laini tí wọ́n ti pa kí ẹnikẹ́ni tó gun un, ọmọ yẹn ò ní gbàgbé láyé ẹ̀. Ohun tí kíláàsì ò lè fún yín nìyẹn, èmi tí mò ń kọ́ yín gan-an ò lè fún yín. Iléeṣẹ́ tó ni switchyard nìkan ló lè fún yín.

Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ti rí ọ̀ràn yìí rí. Ní 1990 wọ́n fọ́ CEGB sí wẹ́wẹ́, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń pèsè iná fún England àti Wales, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún aládàáni, ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí CEGB ń ṣe tẹ́lẹ̀ sì rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó gbà á. Kò hàn lọ́dún àkọ́kọ́, kò hàn lọ́dún kejì, àfìgbà táwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn tì tí wọ́n wo ẹ̀yìn tí wọn ò rí ọmọ tó máa gba ipò. Ní 2004 ni àwọn iléeṣẹ́ iná, àwọn yunifásítì bíi Manchester, Strathclyde àti Southampton, àti ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà wọn para pọ̀ dá Power Academy sílẹ̀. Ọmọ tó bá wọlé, iléeṣẹ́ kan pàtó ló máa gbà á ṣọmọ: owó lọ́dọọdún, iṣẹ́ gidi tí wọ́n ń sanwó ẹ̀ nígbà ọlidé, àti àgbà kan tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Kí ó tó parí ẹ̀kọ́, ó ti mọ ilé ìṣẹ́ yẹn bí ẹni mọ ilé bàbá ẹ̀. Amẹ́ríkà náà gbé tiwọn jáde ní 2011, IEEE PES, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà iná, ló ń ṣe é, dọ́là 7,000 ni ọmọ kan lè gbà láàárín ọdún mẹ́ta, 2,000, 2,000, lẹ́yìn náà 3,000, ṣùgbọ́n wọ́n so ó mọ́ iṣẹ́ gidi ní iléeṣẹ́.

Tiwa wá ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ 1 November 2013, ọjọ́ tí wọ́n fa àwọn iléeṣẹ́ PHCN lé aládàáni lọ́wọ́, títí kan àwọn DisCo tó ń pín iná. Àwọn àgbà tó wà níjokòó yìí mọ ilé ẹ̀kọ́ NEPA ní Ìjọ́rà àti Kainji, NAPTIN, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ iná, ló ń bójú tó irú ibẹ̀ báyìí láti 2009, àwọn òṣìṣẹ́ tó ti wọṣẹ́ ló sì pọ̀ jù tó ń lọ síbẹ̀. Ọmọ yunifásítì ńkọ́? Ó di SIWES, ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ kọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́, tá a tún ń pè ní IT. Oṣù mẹ́fà, 400 level, kí kálukú lọ wá ibi tí wọ́n máa gbà á. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, mélòó nínú yín ló fi oṣù mẹ́fà yẹn tẹ ìwé ní bíṣínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà? Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ń dùn mí. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, tí wọ́n fún lówó aṣọ tí wọ́n sì ti ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọn, ta ló máa gbé aṣọ fún un rán?

Epo rọ̀bì ní PTDF, owó àkànlò ìjọba fún ẹ̀kọ́ nípa epo, láti 1973, iléeṣẹ́ epo ń ṣe sìkọ́láṣíìpù lọ́tùn-ún lósì, ìdí nìyẹn tí ọmọ tó mọ power dáadáa fi ń lé epo. Àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ iná kan wá ń sọ fún mi pé kí ni àwọn fẹ́ náwó sí, ṣebí wọ́n máa jápa. Mo ti gbọ́ ọ títí. Ẹni tẹ́ ò kọ́ náà ń jápa! Ẹ kọ́ mẹ́wàá, kí mẹ́rin lọ, mẹ́fà ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ò kọ́ ẹyọ kan, ẹ lọ ń ya fọ́tò pẹ̀lú ìwé sọ̀wédowó tó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ, fọ́tò yẹn ò lè tún tíráńsífọ́mà ṣe.

Alága ti ń fi aago hàn mí. Ó ku bọ́ǹdì, àdéhùn pé ọmọ máa ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ tó bá parí ẹ̀kọ́: ọdún méjì tó, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ku òfin iná mànàmáná 2023: ó ti jẹ́ kí ìpínlẹ̀ máa bójú tó iná fúnra wọn, Èkìtì àti Oǹdó ti gba àṣẹ tiwọn, kí wọ́n kọ ọ́ sínú láísẹ́ǹsì pé iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa gba ọmọ yunifásítì. Mo fẹ́ bọ́ sórí CGPA, ọmọbìnrin kan ti nawọ́.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èyí tó pọ̀ jù nínú sìkọ́láṣíìpù tá à ń rí, 100 level àti 200 level ni fọ́ọ̀mù ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní dípátímẹ́ǹtì wa, ó di kíláàsì òkè kéèyàn tó mú power. Ìgbà yẹn, fọ́ọ̀mù ti kọjá wa. Àwọn tó gba owó ní 200 level, púpọ̀ wọn ti lọ sí software.”

Mo gbé ìwé mi sílẹ̀. Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju CGPA lọ, torí ó fi hàn pé ọmọ tí wọ́n ń fún lówó kọ́ ló wà nínú power, ẹni tó wà nínú power kọ́ sì ni wọ́n ń fún lówó. Ṣé ẹ ò wá rí i? Ọmọ 200 level ò tíì rí iná tó máa wù ú. Kí wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọlidé, kó wo Egbin tí wọ́n ti ń pèsè iná, kó wo substation àdúgbò ẹ̀, kò dìgbà tí wọ́n fún un ní náírà kan ju owó ọkọ̀ lọ. Fọ́ọ̀mù gidi, kó jáde ní ìparí 300 level, kó tó lọ IT, kí ọmọ tó bá wọlé mọ ibi tó ti máa lo oṣù mẹ́fà ẹ̀. Tó bá wá dé 500 level, kí iléeṣẹ́ yẹn fún un ní iṣẹ́ àṣejáde látinú wàhálà tiwọn: feeder 11 kV kan, laini tó ń gbé iná lọ sí àdúgbò, àwọn tíráńsífọ́mà tó wà lórí ẹ̀, load tí wọ́n kà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kó lọ wá ibi tí iná ti ń jò lọ. Iléeṣẹ́ ò ní náwó ńlá lé ìyẹn, ìwé tí operator wọn ń kọ lójoojúmọ́ ni, ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn.

Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ wà níwájú yìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bójú tó tíréníǹgì, mi ò tíì jẹ́ kẹ́ ẹ lọ. Ẹ̀yin 300 level, ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀ fún class rep kẹ́ ẹ tó jáde, kẹ́ ẹ kọ àdúgbò tẹ́ ẹ máa wà ní ọlidé sí i, kí wọ́n lè mọ substation tó sún mọ́ yín.