Òkun Ló Ń Pín Ọjọ́: Pípàgọ́ Ọlọ́jọ́ Méje ní West Coast Trail

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará wa lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ àgọ́ pípa sí etíkun onígbó ló wà nílẹ̀ lónìí, ibì kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ gbé e kà: West Coast Trail, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gùn ní kìlómítà 75 ní erékùṣù Vancouver, ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà. Pachena Bay nítòsí Bamfield ni ìka kìlómítà ti bẹ̀rẹ̀, odò Gordon nítòsí Port Renfrew ló sì parí sí. Ilẹ̀ àjogúnbá àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ mẹ́ta ni: àwọn Huu-ay-aht, àwọn Ditidaht àti àwọn Pacheedaht. Àlejò ni gbogbo ẹni tó bá gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn wọ ibẹ̀.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ọdún 1906, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Valencia fọ́ mọ́ àpáta etíkun yìí, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì bá a lọ. Ọ̀nà wáyà tẹlígíráàfù tóóró kan ti wà nínú igbó náà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn àjálù yẹn ni ìjọba ní kí wọ́n fẹ̀ ẹ́, kí ẹni tí ọkọ̀ bá dànù lè rí ọ̀nà jáde, kí olùrànlọ́wọ́ sì lè rí ọ̀nà wọlé. Mo máa ń rò ó pé ó yẹ kí èyí wà lọ́kàn ẹni tó ń lọ síbẹ̀ fún ìgbádùn: wọn ò la ọ̀nà yìí nítorí ẹwà rẹ̀, ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n tìtorí ẹ̀ là á.

Kìlómítà kì í ṣe òṣùwọ̀n gidi níbẹ̀. Bí ẹ bá pín 75 sí ọjọ́ méje, kò tó kìlómítà 11 lójúmọ́, ó sì lè dà bí ohun kékeré létí. Ní ìhà àríwá, láti Pachena dé ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Tsusiat ní kìlómítà 25, ìṣirò yẹn lè ṣe é gbára lé, torí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ díẹ̀. Láti odò Walbran ní kìlómítà 53 lọ sí gúúsù, kìlómítà 5 tàbí 6 lè jẹ odindi ọjọ́ kan. Gbòǹgbò igi dí ojú ọ̀nà, ẹrẹ̀ a máa mu èèyàn dé orúnkún, àkàbà onígi á gbé yín sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì odò, òmíràn á sì dúró de yín ní òdìkejì pé kí ẹ gòkè. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa wà lórí àkàbà kan, kó kọjú sí i, kó má yára.

Níbi tí odò ti fẹ̀, àpótí irin tí ń rìn lórí wáyà ló ń gbé èèyàn kọjá. Èèyàn méjì pẹ̀lú ẹrù wọn ló ń gbà. Kí ẹnì kan di àpótí mú ṣinṣin kí ẹnì kejì tó wọlé. Yóò yọ̀ fúnra rẹ̀ dé àárín, lẹ́yìn náà ni ẹ óò wá máa fa okùn. Okùn yẹn nìkan ni ọwọ́ yín ní iṣẹ́ lára rẹ̀. Wáyà tí kẹ̀kẹ́ ń yí lé lórí lè gé ìka, kí irun gígùn náà má sún mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: òkun. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń kún, lẹ́ẹ̀mejì ló ń fà, gbogbo àkókò rẹ̀ sì ń sún síwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́. Ibi tí ẹ ti lè fi ẹsẹ̀ gbígbẹ kọjá láàárọ̀ lè di ibi tí ìgbì ti ń lu àpáta lọ́sàn-án. Nítorí náà, ìwé àkókò òkun ni ẹ óò kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀, kí ẹ tó gbèrò ibi tí ẹ óò sùn. Ti ìlú Tofino ni wọ́n ń lò fún etíkun yìí. Ẹ wo orí ìwé náà dáadáa bóyá aago tí kò yí padà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló fi kà á. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi wákàtí kan kún un, torí aago ibẹ̀ ń fi wákàtí kan ṣíwájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wákàtí kan péré yìí ti tó láti há èèyàn mọ́ ìdí òkè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò Owen Point, ṣóńṣó ilẹ̀ olókùúta tó yọ sínú òkun ní kìlómítà 67. Kò ṣeé yí ká àfi tí òkun bá wà nísàlẹ̀ mítà 1.8. Ká ní òkun fà tán ní aago 10 àárọ̀ ní mítà 0.8, tí yóò sì kún tán ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ ní mítà 3.2. Mítà 2.4 ló máa gòkè láàárín wákàtí mẹ́fà, ṣùgbọ́n kì í gòkè ní ọgbọọgba. Ẹ pín in sí ọ̀nà 12, ìdá kọ̀ọ̀kan á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20. Wákàtí kìíní gba ìdá kan, ìkejì gba méjì, ìkẹta àti ìkẹrin gba mẹ́ta mẹ́ta, ìkarùn-ún gba méjì, ìkẹfà gba ìdá kan tó kù. Ní aago 11, ó ti di mítà 1.0, ní aago 12, mítà 1.4, ní aago 1, mítà 2.0. A jẹ́ pé ilẹ̀kùn ti tì ní nǹkan bí aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 40. Tèmi ni pé ẹni tí kò bá tíì dé ibẹ̀ ní aago 12 gba ọ̀nà inú igbó, torí ìwé kò mọ̀ bóyá ìjì wà lójú òkun, ìgbì ńlá a sì máa gbé omi ga ju ohun tí ìwé kọ lọ. Láti Camper Bay ní kìlómítà 62 dé Owen Point, ẹ fún ara yín ní wákàtí mẹ́rin. Kẹ́ ẹ ti kúrò ní àgọ́ ní aago 6 àárọ̀. Lẹ́yìn Owen Point, òkúta ràbàtà ràbàtà tí ewé òkun ti sọ di yíyọ̀ ló kù dé Thrasher Cove, kò sì sí ìgbà tó yẹ kí èèyàn sáré lórí wọn.

Ẹsẹ̀ tó yọ̀ ló ń dá ìrìn yìí dúró jù. Pákó tó tutù, gbòǹgbò tí èèpo rẹ̀ ti bó, òkúta tó dúdú tó ń dán: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ máa fura sí. Báàgì tó wúwo ju ìdá mẹ́rin ìwọ̀n ara yín lọ a máa ti èèyàn ṣubú níbi tí ẹsẹ̀ lásán ì bá ti gbà á. Bí ẹ bá fẹ́ fẹsẹ̀ la odò kọjá, ẹ tú bẹ́líìtì ìbàdí báàgì, kí ẹ lè bọ́ ọ sọnù bí omi bá gbé yín.

Aṣọ òwú, ẹ fi sílé. Bó bá ti gbomi, kì í gbẹ, ó sì ń fa ooru ara jáde. Irun àgùntàn tàbí aṣọ ọ̀rá onírun ni kó wà lára. Ẹ di àpò ìsùn àti aṣọ sísùn sínú ọ̀rá méjì, kẹ́ ẹ sì pinnu pé ara yòówù kó tutù lọ́sàn-án, aṣọ yẹn ò ní jáde títí ẹ ó fi wọ àgọ́. Oúnjẹ gbígbẹ gíráàmù 700 lójúmọ́ fún ẹnì kan, àti ti ọjọ́ kan lórí rẹ̀, nítorí òjò lè mú kí odò kún kí ẹ sì dúró dè é.

Ẹ pàgọ́ sókè ìlà ewé òkun gbígbẹ tó gbẹ̀yìn, èyí tó súnmọ́ igbó jù. Ìlà tó ṣì tutù nísàlẹ̀, ti àná ni, kò sọ ohunkóhun nípa ti òní. Òkun òru a máa ga ju ti ọ̀sán lọ nígbà mìíràn. Ẹ má sùn nídìí ìtì igi ńlá tí òkun gbé jáde, ìgbì kan tó láti yí i. Bí ilẹ̀ bá mì, ẹ má dúró kó àgọ́, ẹ má sì retí kí ẹnikẹ́ni pariwo: ẹ gun òkè lójú ẹsẹ̀, ẹ dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, torí ìgbì tsunami kì í wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Iná, orí iyanrìn nísàlẹ̀ àlà ibi tí òkun ń kún dé nìkan, kí omi lè fọ eérú rẹ̀ lọ. Omi mímu, ẹ rìn lọ sókè odò, kúrò níbi tí àwọn èèyàn ń pàgọ́ sí, ẹ sẹ́ ẹ tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kó hó fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ó lè pọ́n bí omi tíì. Ewé àti igi jíjẹrà ló pa á láró, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ìṣáwùrú àti àwọn oníkarahun ara àpáta, ẹ má jẹ ẹ́. Májèlé kan wà tí wọ́n ń kó jọ látinú omi tí iná kò lè pa, ó sì lè dá èémí dúró.

Béárì, ìkookò àti cougar, ẹranko ńlá kan tó jọ ológbò, ń gbé ibẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ní òórùn, títí kan ọṣẹ ìfọyín, inú àpótí irin tó wà ní ibùdó ni kó sùn. Bí àpótí bá kún, ẹ so ó rọ̀ ní mítà 4 sókè, jìnnà sí ara igi. Ẹ máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń rìn. Kò sí èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ sá fún nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún cougar, ẹ má bẹ̀rẹ̀, ẹ na ọwọ́ sókè, ẹ kọjú sí i, ẹ gbé ọmọdé kọ́rùn, bó bá sì fò mọ́ yín, ẹ bá a jà.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kárùn-ún sí ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ni Parks Canada, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè Kánádà, ń ṣí ọ̀nà náà, ẹ gbọ́dọ̀ ti gba àyè sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì jókòó gbọ́ àlàyé kí ẹ tó wọlé. Ẹ béèrè níbẹ̀ ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ń gbé èèyàn sọdá ń dáwọ́ dúró ní Nitinaht Narrows, kìlómítà 32, àti ní odò Gordon. Omi Nitinaht ń ṣàn kíkan, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ọkọ̀ tó kẹ́yìn, òru ọjọ́ yẹn di ti etí omi, ìdí nìyẹn tí oúnjẹ ọjọ́ kan àfikún fi gbọ́dọ̀ ṣì wà nínú báàgì títí ẹ ó fi wọ ọkọ̀ odò Gordon.