Òjìji Là Ń Yà: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Fọ́tò Yíyà Ní Aṣálẹ̀

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà dé aṣálẹ̀, iyanrìn ló máa ń fẹ́ yà. Á yà á lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oòrùn kan àtàrí. Bó bá wá ṣí fọ́tò náà wò, kò ní mọ ibi tí òkìtì kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Òjìji ló ń sọ fún ojú pé ibí ga, ọ̀hún jìn, oòrùn ọ̀sán kì í sì í jẹ́ kó wà. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí dá lé: ní aṣálẹ̀, òjìji là ń yà, iyanrìn kàn gbà á sára ni.

Ẹ wo òkìtì iyanrìn dáadáa. Apá tí atẹ́gùn ń fẹ́ lù máa ń rọra dagun. Apá kejì, níbi tí iyanrìn ti ń ya lulẹ̀, máa ń dà gẹ̀rẹ́ ní nǹkan bí dígírì 34, torí iyanrìn gbígbẹ kò lè dúró kọjá bẹ́ẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: bí oòrùn bá wà lẹ́yìn apá kejì yìí gan-an, tí kò sì tíì ga tó dígírì 34, gbogbo apá náà á wà nínú òjìji, orí òkìtì á sì mú bí ojú abẹ. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí atẹ́gùn fà sórí iyanrìn kò ga ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ, òjìji tiwọn ló sì ń kọ́kọ́ pòórá. Ẹ tètè yà wọ́n láàárọ̀, kí ẹ tó kọjú sí òkìtì ńlá. Nírọ̀lẹ́, òkìtì ló ṣáájú.

Ní Deadvlei, nínú aṣálẹ̀ Namib ní Nàmíbíà, ilẹ̀ amọ̀ funfun kan wà tí òkìtì pupa yí ká. Àwọn igi tó wà níbẹ̀ ti kú láti ohun tó lé ní 500 ọdún, síbẹ̀ wọn ò jẹrà, torí ibẹ̀ ti gbẹ jù. Láàárọ̀, oòrùn máa ń kọ́kọ́ tàn sórí òkìtì tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á wá máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ amọ̀ ṣì wà nínú òjìji. Bó bá kù díẹ̀ kó dé ẹsẹ̀ òkìtì ni kí ẹ yà á: igi á dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ á pọ́n. Lẹ́ǹsì 100 sí 200 mm ló yẹ ẹ́, torí ó máa ń fa òkìtì sún mọ́ igi. Lẹ́ǹsì tó ń rí ibi púpọ̀ á sọ òkìtì di kékeré. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ funfun yẹn, fọ́tò náà tán nìyẹn.

Kámẹ́rà kò mọ̀ pé iyanrìn ń tàn. Ohun yòówù kó rí, ó gbà pé àwọ̀ eérú ni, èyí tó ń dá nǹkan bí 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà, á sì mú un ṣókùnkùn. Ẹ fi exposure compensation, bọ́tìnnì tó ń mú fọ́tò mọ́lẹ̀ sí i tàbí ṣókùnkùn sí i, gbé e sókè: +2/3 sí +1 fún iyanrìn ràkọ̀ràkọ̀, fún èyí tó funfun báláú bíi ti White Sands ní New Mexico, ó lè gba +1.5 tàbí +2. Lẹ́yìn náà, ẹ wo histogram, àwòrán tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn láti dúdú lósì dé funfun lọ́tùn-ún, ṣùgbọ́n ẹ má wo àpapọ̀ rẹ̀ nìkan. Lórí iyanrìn pupa, ìlà pupa lè ti kọjá etí ọ̀tún nígbà tí àpapọ̀ ṣì ń sọ pé kò sí ewu, bó bá sì ti kọjá, àlàyé inú iyanrìn ti lọ. Ẹ yà á ní RAW, irú fáìlì tó ń pa gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí mọ́, kí ẹ gbé white balance, ètò tó ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe, sí nǹkan bí 5200 K. Bí ẹ bá fi í sí auto, á fẹ́ pa àwọ̀ tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ jí.

Fún fọ́tò tó ní ìlà iyanrìn níwájú àti òkìtì lókèèrè, lẹ́ǹsì 24 mm ní f/11 (ìwọ̀n ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ lẹ́ǹsì) lórí kámẹ́rà full-frame (èyí tí awo inú rẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tóbi tó fíìmù 35 mm), tí fókọ́ọ̀sì wà ní mítà méjì, á mú ohun gbogbo hàn kedere láti nǹkan bí mítà kan lọ dé òkèèrè. F/16, ihò tó tún kéré sí i, kò ràn án lọ́wọ́, ṣe ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ọ́ lójú.

Ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbé sórí òkìtì kò ṣeé gbé kúrò. Fọ́tò tó gba gbogbo ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà láti ìta, kí ẹ tó wọlé. Bí ẹ bá ń gun òkìtì, ẹ̀yìn tí kámẹ́rà kò ní rí ni kí ẹ gbà, kí ẹ tò tẹ̀lé ara yín.

Ìdààmú tó ń ba ohun èlò jẹ́ jù ni iyanrìn wẹ́wẹ́. Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́. Inú mọ́tò tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì ló dára. Bí eruku bá bà lójú lẹ́ǹsì, ẹ fi rọ́bà tí wọ́n ń tẹ̀ fẹ́ ẹ dànù ná. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi aṣọ nù ún ń fi iyanrìn ha lẹ́ǹsì ni. Atẹ́gùn inú agolo kò bójú mu fún sensor, awo tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, torí ó lè tu omi sí i. Lẹ́ǹsì zoom tó ń gùn jáde máa ń fa eruku mọ́ra. Bó bá ti ń dún kíríkírí, ẹ má yí i mọ́. Ní ti tírípọ́dù, ẹ fa ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ jáde díẹ̀ kí ìdè rẹ̀ má bàa rì sínú iyanrìn, kí ẹ sì tẹ ẹsẹ̀ náà wọlẹ̀ títí tí kò fi ní rì mọ́. Ẹ má ti ẹsẹ̀ náà padà sínú ara rẹ̀ kí ẹ tó nù ún.

Lọ́sàn-án, lẹ́ǹsì 200 mm sókè kò ní ríran kedere lókèèrè, torí atẹ́gùn gbígbóná lórí ilẹ̀ ń yí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ padà. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè tún un ṣe. Lálẹ́, bí ẹ bá fi iye mm lẹ́ǹsì pín 500, ẹ ó rí iye ìṣẹ́jú àáyá tí kámẹ́rà full-frame lè fi ṣí sílẹ̀ kí ìràwọ̀ tó fà bí ìlà: 20 mm á fún yín ní ìṣẹ́jú àáyá 25, pẹ̀lú f/2.8 àti ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè mọ ìmọ́lẹ̀ lára) 3200. Òtútù máa ń tètè pa bátìrì, ẹ fi èyí tó kù sápò tó sún mọ́ ara. Omi, ó kéré tán lítà mẹ́rin fún ẹnì kan lójúmọ́.

Òkìtì kan náà ni àwọn tó ń ṣe é tọkàntọkàn máa ń padà sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Òkìtì kékeré oníwo méjì lè rìn ju mítà mẹ́wàá lọ́dún kan, nígbà tí àwọn ńlá tí apá wọn ya sí ọ̀nà púpọ̀, bíi ti Namib, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò níbi wọ́n wà. Ẹ máa kọ ọjọ́, agogo àti apá tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá sílẹ̀. Bí kùrukùru bá ba fọ́tò kan jẹ́, ẹ kò ní láti dúró fún odindi ọdún: ibi tí oòrùn ti yọ ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, ibẹ̀ náà ló máa ti yọ ní nǹkan bí ọjọ́ 13 oṣù Keje.