Kí A Tó Ra Kọ̀ǹpútà fún Ilé Ẹ̀kọ́: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Olùkọ́, Òbí àti Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́jáde ní Èkìtì

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ kò gbàgbé ilé tí ẹ ti jáde, a kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. A kì í bẹ ará Èkìtì kó tó rán ọmọ níwèé. Christ's School ti wà ní Adó láti 1933, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì dé ní 1955. Kó tó dé àti lẹ́yìn tó dé, owó kòkó àti owó iṣu ló ń sọ ọmọ àgbẹ̀ di ọ̀jọ̀gbọ́n nílẹ̀ yìí. Ìfẹ́ yẹn ṣì wà. Ibi tí owó ń gbà lọ ló ti yí padà. Lónìí, bí ẹgbẹ́ kan bá dáwó jọ fún ilé ìwé rẹ̀, kọ̀ǹpútà ni ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ibẹ̀ sì ni owó ti rọrùn jù láti ṣòfò.

Yàrá kọ̀ǹpútà kì í kú nítorí àìpọ̀ ẹ̀rọ. Ohun tó ń pa á ni pé a ra ẹ̀rọ láìṣírò iná tí yóò jẹ, láìwá ẹ̀kọ́ tí yóò wà nínú rẹ̀, láìyan ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Bí iná àti ẹ̀kọ́ bá ṣáájú, tí ẹ̀rọ wá tẹ̀lé e, owó kékeré yóò ṣe iṣẹ́ tí owó ńlá kò rí ṣe.

Ìṣẹ́jú tí ọwọ́ ọmọ fi wà lórí ẹ̀rọ

Ẹ má ka iye kọ̀ǹpútà tó wà nínú yàrá. Iye ìṣẹ́jú tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ń lò ó lọ́sẹ̀ ni kí ẹ kà. Ká ní ilé ìwé kan ní akẹ́kọ̀ọ́ 600 àti kọ̀ǹpútà 20, tí wọ́n ń ṣí yàrá náà fún wákàtí 4 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí 400. Bí a bá pín in fún ọmọ 600, ìṣẹ́jú 40 ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bó bá wá jẹ́ pé ọjọ́ 2 péré ni iná ń wà, ìṣẹ́jú 16 ló kù. Ọmọ tó ń rí kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú 16 lọ́sẹ̀, kó tó mọ ibi tí lẹ́tà wà lórí kíbọ́ọ̀dù, agogo ti lù.

Bí ẹgbẹ́ bá wá ra kọ̀ǹpútà 10 kún un, ìṣẹ́jú 16 yẹn yóò di 24. Bí wọ́n bá fi owó náà wá iná tó dúró fún ọjọ́ márààrún, yóò di 40, láìra ẹ̀rọ kankan. Ìṣirò yìí ni kí alága ẹgbẹ́ gbé dání lọ sípàdé.

Iná ni ká kọ́kọ́ rà

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan lè jẹ iná bíi 120 wáàtì. Ogún rẹ̀ fún wákàtí 4 jẹ́ 9,600 wáàtì-wákàtí lójúmọ́, ìyẹn wáàtì tí a fi iye wákàtí sọ di púpọ̀. Jẹnẹrétọ̀ lè gbé e, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa ra epo títí sáà yóò fi parí? Sólà náà lè gbé e, àmọ́ páànẹ́lì àti bátìrì tó máa gbà kì í ṣe kékeré.

Ẹ wá wo táblẹ́ẹ̀tì. Èyí tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh ń gba bíi 18.5 wáàtì-wákàtí. Ogún rẹ̀ jẹ́ 370. Ẹ fi èyí tó ń ṣòfò nídìí ṣájà kún un, ẹ fi í sí 450. Kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ni yóò máa pín ẹ̀kọ́ fún wọn. Òun àti ráútà wáìfáì kan kì í sábà ju 14 wáàtì lọ, èyí tó jẹ́ 84 fún wákàtí 6. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 534 wáàtì-wákàtí lójúmọ́. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́tàdínlógún ti àkọ́kọ́.

Páànẹ́lì wo ló lè gbé èyí? Ní agbègbè wa, ẹ má fi ju wákàtí 4 oòrùn tó mú ṣírò lójúmọ́, kí ẹ sì gbà pé ìdá 30 nínú 100 yóò ṣòfò sínú wáyà, ooru àti ínfátà. 534 tí a bá fi 2.8 pín jẹ́ nǹkan bíi 190 wáàtì. Ẹ ra 300, nítorí oṣù keje àti oṣù kẹjọ tí ojú ọ̀run máa ń ṣú. Bátìrì olómi 12 fóltì tí wọ́n kọ 200Ah sí lára ní 2,400 wáàtì-wákàtí nínú, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré ni kí ẹ máa lò bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Ìdajì náà, 1,200, tó ọjọ́ 2 tí oòrùn kò yọ dáadáa. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n a lè lo bíi ìdá 80 nínú agbára rẹ̀, ó sì ń pẹ́ ju olómi lọ dáadáa. Bí owó bá ká a, òun ni ká rà.

Ẹ kọ ojú páànẹ́lì sí gúúsù, kó dagun díẹ̀, bíi dígíríì 10, kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Ẹ̀ka igi máńgòrò kan tó bá ṣíji bo igun rẹ̀ lè dín iná gbogbo páànẹ́lì náà kù, kì í ṣe ti igun yẹn nìkan. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi omi àti aṣọ tó rọ̀ nù ún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ní kùtùkùtù, kì í ṣe lọ́sàn-án gangan tó ti gbóná janjan.

Àsìkò ìsinmi gígùn ni bátìrì ń kú jù. Wọ́n á pa gbogbo nǹkan, wọ́n á tú wáyà páànẹ́lì nítorí ìbẹ̀rù mànàmáná, wọ́n á tilẹ̀kùn. Bátìrì olómi tí iná inú rẹ̀ ti tán tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nǹkan funfun kan á le mọ́ àwọn irin inú rẹ̀, kò sì ní gba iná bó ṣe yẹ mọ́ láéláé. Ínfátà nìkan ni kí ẹ pa. Ẹ jẹ́ kí páànẹ́lì àti kọ̀ntírólà rẹ̀, èyí tó ń ṣàkóso iná tó ń wọ bátìrì, máa bá iṣẹ́ lọ, kí ẹ sì ti ri irin áàtì mọ́lẹ̀ dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí mànàmáná yẹn. Kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bu omi bátìrì sí i. Omi ni o, kì í ṣe ásíìdì, kì í sì í ṣe omi kànga.

Ti táblẹ́ẹ̀tì yàtọ̀. Bí yóò bá sùn fún ìgbà pípẹ́, ìdajì iná ni kó wà nínú rẹ̀. Èyí tó kún dẹ́nu tí a fi sábẹ́ páànù gbígbóná lè wú. Bátìrì olómi náà kò fẹ́ ooru: gbogbo dígíríì 10 tí ooru bá fi ju 25 lọ máa ń gé ẹ̀mí rẹ̀ sí bí ìdajì. Yàrá tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe kọ́lọ́fín tí a ń kó ẹrù sí.

Ẹ̀kọ́ tí kò fẹ́ dátà

Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ wa. Òkè tó bu ẹwà kún Èfọ̀n-Alààyè àti Òkèmẹ̀sí yẹn náà lè dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, torí àpáta kì í jẹ́ kí ìgbì fóònù kọjá. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá tiẹ̀ wà, ta ni yóò máa ra dátà fún 600 ọmọ? Ìdí nìyí tí a fi ń gba ilé ìwé níyànjú pé kí ẹ̀kọ́ wà nínú ilé ìwé fúnra rẹ̀.

Ètò ọ̀fẹ́ méjì ló wúlò jù. Kolibri, tí ẹgbẹ́ Learning Equality ní Amẹ́ríkà ṣe, ń gbé fídíò, ìwé kíkà àti ìbéèrè sórí ẹ̀rọ kan, kí àwọn ọmọ lè máa lò ó nípasẹ̀ wáìfáì láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Kiwix ń gbé odidi Wikipedia: ti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ tó bíi 100 GB, ti Yorùbá kéré sí i gidigidi. Kí ẹnì kan gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, kó kó ẹ̀kọ́ sórí haad díìsìkì, kó gbé e wálé, kó dà á sórí Raspberry Pi náà. Látìgbà yẹn, ọmọ kàn ń so táblẹ́ẹ̀tì mọ́ wáìfáì ilé ìwé, ó ń tẹ àdírẹ́sì kan, ẹ̀kọ́ ti ṣí.

Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ o. Àwọn ẹ̀kọ́ òkèèrè wọ̀nyí kò tẹ̀lé skíìmù wa, dọ́là ni wọ́n sì ń fi ṣe àpẹẹrẹ ìṣirò. Kí olùkọ́ ìṣirò mú skíìmù JSS 2 sáà kìn-ín-ní, kó yan fídíò kan tàbí méjì fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó fi ìbéèrè márùn-ún tẹ̀ lé e. Kolibri yóò fi hàn án ẹni tó gbà á àti ẹni tó kùnà, àti ìbéèrè tí púpọ̀ wọn ti ṣubú. Ibi tí wọ́n ti ṣubú yẹn ni olùkọ́ yóò padà kọ́ lójú pátákó lọ́jọ́ kejì. Lójú tiwa, èyí ni iṣẹ́ tó dára jù tí ẹ̀rọ lè ṣe fún olùkọ́.

Nǹkan méjì ló máa ń dà á rú. Àkọ́kọ́, wáìfáì tó wà lára Raspberry Pi kò lè gba ọmọ 30 tó ń wo fídíò lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn la ṣe ní ká ra ráútà lọ́tọ̀. Ìkejì, bí ẹnì kan bá fa wáyà iná Raspberry Pi náà yọ nígbà tó ń kọ nǹkan sórí mẹ́mọ́rì káàdì rẹ̀, gbogbo ẹ̀kọ́ orí káàdì náà lè bàjẹ́. Kí a máa pa á bí a ṣe ń pa kọ̀ǹpútà, kí a sì ní ẹ̀dà káàdì náà kan tí a kò lò.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ èdè, nítorí ó ṣe pàtàkì sí wa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára wọn. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó nira nígbà náà ni ìwé títẹ̀. Lónìí, olùkọ́ lè fi fóònù gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó ṣàlàyé ìdá àti ìpín ní Yorùbá tàbí ní ẹnu Èkìtì tí ọmọ ń gbọ́ nílé. Bí a bá fi MP3 64 kbps, irú fáìlì ohùn tí kò gba àyè púpọ̀, pa á mọ́, kò ju bíi 2.4 MB lọ. Káàdì kan gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀, Kolibri sì gbà pé kí ilé ìwé kó iṣẹ́ tirẹ̀ sí i. Bí ẹ bá ń tẹ ìwé Yorùbá, ẹ lo fọ́ǹtì bíi Noto Sans kí àmì ohùn má bàa di àpótí òfìfo lójú ọmọ.

Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà

Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni JAMB ti ń ṣe ìdánwò rẹ̀. WAEC náà ti bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ti àdáni ní 2024. Ìbéèrè 180 fún wákàtí 2 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún ìbéèrè kan. Ọmọ tó mọ ìwé tí ọwọ́ rẹ̀ ń wá máòsì kiri lè pàdánù ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò yẹn lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ JAMB ti ṣe ọ̀nà tí kò fẹ́ máòsì rárá: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún èyí tó kàn, P fún èyí tó kọjá, S láti parí, R láti padà bí ọmọ bá ṣèèṣì tẹ S. Kíbọ́ọ̀dù USB àlòkù tí a fi wáyà OTG so mọ́ táblẹ́ẹ̀tì tó láti fi kọ́ ọmọ SS 3 ní lẹ́tà mẹ́jọ yìí, ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kó má dúró di oṣù tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń kọ iṣẹ́ fún ọmọ

Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù kọkànlá 2022, àròkọ tí a ní kí ọmọ lọ kọ nílé kò sọ ohun tí ọmọ mọ̀ fún olùkọ́ mọ́. Àwọn ètò tó ní àwọn lè dá iṣẹ́ ẹ̀rọ mọ̀ máa ń ṣì í, wọ́n sì lè ka ẹ̀sùn sí ọmọ aláìmọwọ́mẹsẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹ má gbára lé wọn. Ìbéèrè ni kí ẹ yí padà. Dípò kí ẹ ní kí ọmọ kọ nípa òjò ní Nàìjíríà, ẹ ní kó fi agolo wọn òjò àgbàlá wọn fún ọjọ́ 14, tàbí kó bèèrè iye iṣu lọ́jà ìlú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó yà á sórí gíráàfù, kó dúró ṣàlàyé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta níwájú kíláàsì. Ẹ̀rọ kò wọn òjò Ìkéré.

Ẹ kọ́ wọn pé ẹ̀rọ yìí a máa hùmọ̀ orúkọ ìwé àti ọdún tí kò sí. Àmì ohùn Yorùbá rẹ̀ náà sì máa ń ṣì, nítorí náà kí olùkọ́ Yorùbá má ṣe tẹ iṣẹ́ rẹ̀ fún ọmọ láìkà á tán.

Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ní ilé ìwé ìjọba, wọ́n máa ń gbé olùkọ́ láti ibì kan sí ibòmíràn. Bí ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ètò yìí, tí wọ́n wá gbé e lọ sí Òmùò, yàrá náà yóò dákẹ́. Kí olùkọ́ méjì mọ̀ ọ́n, kí akẹ́kọ̀ọ́ SS 2 mẹ́rin sì máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Kí ìwé ńlá kan wà tí wọ́n ń kọ ohun tó bàjẹ́ àti bí wọ́n ṣe tún un ṣe sí. Kí àwọn páásíwọ̀ọ̀dù wà nínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa ní ọ́fíìsì ọ̀gá, kí ẹ̀dà mẹ́mọ́rì káàdì náà wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ti owó, ìmọ̀ràn wa fún ẹgbẹ́ ni pé nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan, kí ₦40 lọ sórí ẹ̀rọ, ₦35 sórí iná, ₦10 sórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́. ₦15 tó kù, ẹ fi sí báńkì fún bátìrì tí yóò rọ́pò èyí tí ẹ ń rà lónìí, kí ẹ sì fi ọ̀dà kọ ọjọ́ tí ẹ rà á sí ara rẹ̀.