Kátì 3 Ti Tó Mi

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi nìkan ni mo wà nídìí máìkì lónìí, àwọn ọmọ ti sùn, ìyá wọn wà ní ṣíìfù alẹ́, torí náà tí ohùn mi bá lọlẹ̀ díẹ̀, ẹ má bínú.

Ohun tí ẹ ń bi mí jù ni pé báwo ni mo ṣe ń rí àyè sáré kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ọmọ títọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù yìí. Ká sọ òótọ́, àwa Yorùbá ò ka kẹ̀kẹ́ ológeere sí nǹkan tí àgbàlagbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ń gùn. Nígbà tí màmá mi rí fọ́tò mi lórí WhatsApp nínú ṣòkòtò tó fún mọ́ mi lára yẹn, wọ́n ní ṣé wọ́n ti gba mọ́tò mi ni? Mo ní rárá mà, eré ìje ni. Wọ́n ní èló ni wọ́n ń san? Mo ní èmi ni mò ń sanwó. Wọ́n dákẹ́. Mo wá fi fídíò Biniam Girmay ránṣẹ́ sí wọn, ọmọ Eritrea tó gba ìpele mẹ́ta nínú Tour de France 2024 tó tún gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, ti ẹni tó kó pọ́íǹtì jù. Wọ́n ní, "Ìyẹn, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Ìwọ ńkọ́?"

Ó dáa. Nílùú ọba níbí, British Cycling, àjọ tó ń bójú tó eré kẹ̀kẹ́, ló ń pín wa sí kátì kátì, ìyẹn ìpele àwọn tó ń sáré. Láti kátì 4 la ti ń bẹ̀rẹ̀, tó o bá ní pọ́íǹtì 12, o di kátì 3, láti 3 sí 2, pọ́íǹtì 40 ni, láti 2 sí 1, 200. Àwọn tó bá wọlé níwájú nìkan ló sì ń rí pọ́íǹtì o, tó o bá ṣe ipò ogún, o kàn làágùn ni. Ibi tó wá dùn mí ni pé tọ́dún bá parí, gbogbo ẹ̀ á padà sí òdo, ẹni tó ti kó 35 jọ àti ẹni tí ò ní ẹyọ kan, ọgbọọgba ni wọ́n á jọ bẹ̀rẹ̀ ní Jánúárì. Ta nìyẹn ń bá wí bí ò ṣe ẹni tó ní rótà ṣíìfù iṣẹ́?

Eré ìrọ̀lẹ́ Túsìdé ní Crystal Palace nígbà sọ́mà, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, àmọ́ aago méje àbọ̀ àárọ̀ sí mẹ́jọ alẹ́ ni ṣíìfù mi, kí n tó bọ́ yunifọ́ọ̀mù, wọ́n ti ń ká kọ́ọ̀nù kúrò nílẹ̀. Sátidé, òde wà, a ti sanwó aṣọ ẹbí. Sọ́ńdè wá ni wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ eré ojú títì ní Kent tàbí Essex, o máa wakọ̀ lọ, o máa sáré bíi wákàtí mẹ́ta, o máa dé lọ́sàn-án, ìyàwó ẹ á ti kó àwọn ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fúnra ẹ̀, á ti bọ́ wọn, á sì máa wò ẹ́. Ìwọ lò ń sáré o, àmọ́ òun ló ń san owó ẹ̀. Mo jáwọ́ ńbẹ̀.

Èyí tó bá ilé mi mu ni time trial, ìwọ nìkan àti aago, máìlì mẹ́wàá. Láyé ọjọ́un tí àwọn ọlọ́pàá ò fẹ́ rí eré kẹ̀kẹ́ lójú títì, òwúrọ̀ kùtù ni àwọn òyìnbó máa ń yọ́ ṣe é nínú aṣọ dúdú, títí di òní wọ́n ṣì ń bẹ̀rẹ̀ òmíì ní aago mẹ́fà. Ìyàwó mi ò tíì wé gèlè tán tí mo ti dé.

Tréníǹgì ńkọ́? Orí tọ́bò ni, ẹ̀rọ tí wọ́n ń de kẹ̀kẹ́ mọ́ kéèyàn lè máa wà á lójú kan nínú ilé, nínú yàrá kékeré, tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Tí mo bá ti ibi ṣíìfù alẹ́ dé ṣá, mi ò kí n débẹ̀, oorun ni mò ń lọ sùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kílọ́ọ̀bù ní ẹsẹ̀ mi tó ti kátì 2. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé kátì 2, ẹ gbọ́dọ̀ ní pọ́íǹtì 25 lọ́dọọdún kí wọ́n má baà dá yín padà, nígbà tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè lé yín kúrò ní 3 padà sí 4 láyé. Kátì 3 yẹn ni gbogbo àwa tá a ní ọmọ pọ̀ sí, tíṣà, pọ́lọ́ńbà, dókítà. Tó bá ku lápù méjì tí àwọn ọ̀dọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgunpá ta ara wọn ní kọ́nà, mọ́gééjì ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn, máa rọra fà sẹ́yìn, torí tí egungun èjìká bá kán, ta ló máa gbé aláìsàn?

Àmọ́ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, àárín ìdìpọ̀ àwa tá a jọ ń sáré yẹn, háà! Ẹni iwájú ń gba atẹ́gùn fún ẹ, ariwo ṣéènì nìkan lò ń gbọ́, ẹ ń sá ní ogójì kìlómítà láàárín wákàtí, kò sí aago aláìsàn tó ń dún, kò sẹ́ni tó ń pe dádì. Mi ò rí i níbòmíì.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo fẹ́ kí ìyàwó mi jókòó síbí kó sọ tẹnu ẹ̀. Kò tíì gbà o, ó ní àfi tí mo bá fún òun ní Sátidé kan gbáko. A ṣì ń nájà ẹ̀. Ó dàárọ̀.